Igbó Tó Ti Di Bárakú: Kí La Ó Fi Mọ̀ Pé Ìtọ́jú Ń Ṣiṣẹ́?

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kọ lẹ́ẹ̀yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ tàbí ti ilẹ̀ gbígbá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni. Gbogbo ẹni tó wá sí ìpàdé tó kọjá ló mọ̀ pé ariwo pọ̀ lórí owó ìrànlọ́wọ́ tí ẹgbẹ́ yà sọ́tọ̀ fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ń gba ìtọ́jú nítorí igbó mímu. Ọmọ ọ̀kan nínú wa, a kò ní dárúkọ, ti gba ìtọ́jú, ó ti padà wálé. Ni wọ́n bá rí i lọ́jọ́ Sátidé kan lẹ́yìn gáréèjì tó tún ń mu ún. Àwọn kan ní owó ẹgbẹ́ ti wọmi, kí a dá a dúró, torí ohun tó wà nínú ìwé òfin wa ni pé ọmọ tó bá padà sí i, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ tán nìyẹn. Àwọn yòókù ní rárá o. Wọ́n ní ọmọ tó ń mu ún láti ìdájí títí dé òru lójoojúmọ́, tó wá di Sátidé sí Sátidé, tó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mẹ́kánìkì rẹ̀, ṣé èyí náà la ó pè ní òfo? Ìpàdé tú, ọ̀rọ̀ ò tán. Ìgbìmọ̀ wá ní kí a wádìí, kí a kọ ohun tí a bá rí síbí kí gbogbo wa lè kà á kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mu igbó ló ti di bárakú fún. Àwọn dókítà ọpọlọ ní àmì 11 tí wọ́n ń wò, ó wà nínú ìwé kan tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2013, tí àwọn dókítà ń lò káàkiri. Bí 2 nínú àmì náà bá wà lára ẹnìkan láàárín oṣù 12, àìsàn ti wọlé. Bó bá pé 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti le gan-an. A ò ní to gbogbo rẹ̀ síbí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ díẹ̀: ó ń mu ju iye tó ní òun fẹ́ mu lọ, ó ti gbìyànjú kó dín in kù, kò ṣeé ṣe, iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ ti ń bàjẹ́ nítorí rẹ̀, ó ń bá ará ilé jà lórí rẹ̀, síbẹ̀ kò fi í sílẹ̀, èyí tó ń mu tẹ́lẹ̀ kò tó o mọ́, bí kò bá rí i mu, ara rẹ̀ kò ní lélẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀. Nínú gbogbo àmì 11 yẹn, kò sí èyí tó sọ pé "ó mu ún lánàá." Wàhálà tí igbó dá sílẹ̀ láyé ẹni náà ni wọ́n ń kà, àti bí igbó ṣe di í mú tó. Tó bá jẹ́ wàhálà la fi mọ àìsàn, báwo ló ṣe jẹ́ pé èéfín ọjọ́ kan ṣoṣo la fẹ́ máa fi mọ̀ bóyá ìwòsàn dé tàbí kò dé? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ méjì mẹ́ta ni. Àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè wa àti àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró jọ ṣe ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Wọ́n ní nínú ọdún kan péré, bíi mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ló mu igbó ní Nàìjíríà, àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64. Bí a bá ka igbó àti oògùn mìíràn pọ̀, ìhà tiwa níbí, ìyẹn ìwọ̀ oòrùn gúúsù, ló ṣáájú: bíi 22 nínú 100. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ igbó, nǹkan bí ọmọ ọdún 19 ni. Ọjọ́ orí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ìsọ̀ wo ló wà lọ́jà yìí tí kò ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Àwa ọlọ́jà mọ ọ̀rọ̀ gbèsè dáadáa. Bí oníbàárà bá jẹ wá ní 40,000 náírà, tó sì mú 25,000 wá, kò sẹ́ni tó máa kọ "kò san" sínú ìwé. Ohun tó san la ó kọ, a ó sì kọ èyí tó kù, a ó máa bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò ní sọ pé gbèsè ti tán, a kò sì ní sọ pé owó tó mú wá kì í ṣe owó. Ohun tí àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ lórí igbó ń sọ báyìí kò jìnnà sí èyí.

Tẹ́lẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi ẹni tó bá gba ìtọ́jú tán: ṣé o ti jáwọ́ pátápátá àbí o kò tíì jáwọ́? Òun náà ni òfin ẹgbẹ́ wa ń bèèrè. Ẹ wo ohun tí ìbéèrè yẹn máa ń mú jáde. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àgbàlagbà 450 tí igbó ti di bárakú fún jọ ní ìlú mẹ́ta, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2004. Àwọn kan jókòó pẹ̀lú olùtọ́jú lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí àwọn tó kù ṣì dúró ná. Nígbà tó di oṣù kẹrin, nínú 100 àwọn tó jókòó lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, bíi 23 ló ti jáwọ́. Nínú àwọn tó jókòó lẹ́ẹ̀mejì, bíi 9. Nínú àwọn tó dúró, kò ju bíi 4 lọ. Ìtọ́jú ṣiṣẹ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òfin ẹgbẹ́ wa wọ̀n ọ́n, nínú 100 àwọn tó gba ìtọ́jú tó dára jù, a ó lé 77 dànù. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó gba ìtọ́jú náà dín mímu kù gan-an ju àwọn tó dúró lọ, wàhálà tó ń ti ibẹ̀ wá sì dín kù pẹ̀lú. Òṣùwọ̀n wa kò ní rí ìyẹn rárá.

Èyí tó wá la ọ̀rọ̀ náà yéni jáde ní 2024. Àwọn olùwádìí kó èsì ìtọ́jú méje tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ pọ̀, ènìyàn 920 ló wà níbẹ̀ lápapọ̀. Wọ́n ní kí àwọn fi ti jíjáwọ́ pátápátá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, kí àwọn wo bí mímu ṣe gbọ́dọ̀ dín kù tó kí ìgbé ayé ènìyàn tó yàtọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ọjọ́ tí ẹni náà ń mu ún bá dín kù ní nǹkan bí ìdajì, tí iye tó ń mu sì dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àwọn ẹni náà fúnra wọn àti àwọn olùtọ́jú wọn jọ ń sọ pé ara ti yá gan-an. Wàhálà tí igbó ń fà dín kù, oorun wọn sì dára sí i. Ẹ jẹ́ ká fi sí bí a ṣe máa yé ara wa: ọmọ tó ń mu igbó ní ọjọ́ 28 nínú 28, igi mẹ́rin lójúmọ́, bó bá wá di ọjọ́ 14, igi kan lọ́jọ́ tó bá mu ún, ọmọ yẹn ti kúrò níbi tó wà. Kò tíì dé ilé, ṣùgbọ́n ó ti wà lọ́nà.

Kì í ṣe igbó ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń rò ó báyìí. Lórí ọ̀rọ̀ ọtí, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ sí oògùn ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 2015 pé bí ènìyàn kò bá ní ọjọ́ àmupara mọ́, èsì rere ni, kódà bí ọtí kò bá tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ti igbó ló pẹ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ pé àyẹ̀wò ìtọ̀ ti tó. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó lè sọ àti ohun tí kò lè sọ. Igbó kì í tètè kúrò lára bí ọtí. Inú ọ̀rá ara ló máa ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò ti máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ti ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, ó lè jáwọ́ lónìí kí ìtọ̀ rẹ̀ ṣì máa fi igbó hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn kó lé ní oṣù kan. Nítorí náà ọmọ tí kò fẹnu kàn án fún ọjọ́ 15 lè jẹ̀bi níwájú ìyá rẹ̀ láìṣẹ̀. Ọmọ tó dín in kù sí ìdajì ńkọ́? Bébà àyẹ̀wò náà á pè é ní ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò dín ohunkóhun kù. "Ó wà níbẹ̀" tàbí "kò sí níbẹ̀" nìkan ni bébà yẹn mọ̀ ọ́n sọ.

Báwo la ṣe máa wá kà á? Tọkọtaya kan wà, Linda Sobell àti ọkọ rẹ̀ Mark, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ni àwọn méjèèjì. Ọgbọ́n kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mùtí ni wọ́n ń lò fún igbó náà báyìí. Kàlẹ́ńdà ni wọn yóò gbé síwájú ẹni náà. Wọn kò ní bi í pé "ẹ̀ẹ̀melòó lo ń mu ún lọ́sẹ̀?" torí ìdáhùn ìyẹn kì í ju "kò pọ̀" lọ. Wọn yóò kọ́kọ́ jọ sàmì sí àwọn ọjọ́ tó mọ̀ dáadáa, ọjọ́ ìnáwó, ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ tí wọ́n gba owó iṣẹ́, ọjọ́ tí òjò lé wọn kúrò níta. Láti orí ọjọ́ wọ̀nyẹn ni yóò ti máa rántí: lọ́jọ́ yìí mo mu ún, ní ìjẹta rẹ̀ n ò mu ún. Nǹkan tí a ti ń ṣe lọ́jà látijọ́ nìyẹn! Bí a bá fẹ́ rántí ọjọ́ tí ẹnìkan kó ọjà ní àwìn, ṣebí "ọ̀tunla ìsìnkú Ìyá Àgbà" la máa ń wí.

Iye tó ń mu ló ṣòro díẹ̀. Igbó kò ní kóńgò. Igi ti ẹlòmíràn sanra, ti ẹlòmíràn tín-ín-rín; èyí tí wọ́n ń tà níhìn-ín le ju ti ọ̀hún lọ, àwọn kan sì ń da nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba wọn tó ń rí sí oògùn olóró sọ ní 2021 pé kí gbogbo olùwádìí tó bá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn máa fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo kà á, ìyẹn mílígíráàmù 5 èròjà tó ń pani nínú igbó náà. Àwa ò ní irinṣẹ́ ìyẹn níbí. Ohun tí ìyá lè kà ni igi mélòó lójúmọ́, àti ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn, aago tó kọ́kọ́ mu ún lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó gbọ́dọ̀ fà á kó tó fọ ẹnu láàárọ̀, tó wá di pé ó di alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ kó tó fọwọ́ kàn án, gbogbo ojúmọ́ ló ti gbà padà yẹn. Ojúmọ́ sì ni iṣẹ́.

Àwọn nǹkan yòókù, ojú lásán tó o. Ṣé ó ń sùn lóru? Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ọ̀gá rẹ̀ ń pè é kó wá ṣiṣẹ́ àbí ó ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn? Owó ìsọ̀ ńkọ́, ṣé ó pé lálẹ́? Ìjà mélòó ló ti jà lóṣù yìí, mélòó ló jà lóṣù tó kọjá? Àwọn dókítà ní ìwé ìbéèrè 19 tí wọ́n fi ń ka irú wàhálà báyìí. Èyí kò ṣàjèjì sílẹ̀ wa pàápàá. Nígbà tí Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, Abẹ́òkúta, ní 1954, inú abúlé tó yí ibẹ̀ ká ni ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí pẹ̀lú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ń bá ará abúlé gbé, wọ́n ń bá wọn roko. Ìtọ́jú tiwọn kì í ṣe ti igbó nìkan, ṣùgbọ́n bí ẹni náà ṣe ń bá ènìyàn gbé àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́ wà lára ohun tí a ń wò níbẹ̀, kì í ṣe ìwé àyẹ̀wò nìkan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dájọ́. Ẹni tí igbó ti wọ̀ lára, bó bá jáwọ́ tàbí tó dín in kù gidigidi, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Á máa bínú lásán, oorun ò ní kùn ún, oúnjẹ ò ní wù ú, á máa lá àlá kálàá, á sì máa làágùn. Ọ̀sẹ̀ kìíní yẹn ló máa ń le jù, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì ó máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti oorun lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tí kò mọ̀ á ní ìtọ́jú ló ba ọmọ òun jẹ́ sí i. Nígbà náà sì ni àwọn tó ń kiri oògùn nínú ọjà á dé, pé àwọn ní àgbo tó ń mú igbó kúrò lọ́kàn ní ọjọ́ mẹ́ta. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, àjọ Amẹ́ríkà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kò tíì fọwọ́ sí oògùn kankan fún bárakú igbó. Ìjókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ló ṣì ń ṣe é. Ẹ fi owó yín sápò.

Níbí yìí, a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé ẹgbẹ́ ní kí ọmọ máa mu díẹ̀. Àwọn kan wà tí dídínkù kò tó fún. Ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú rí nítorí igbó, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tó ń rò pé gbogbo ayé ń lépa òun, igi kan péré lè dá a padà síbẹ̀. Ti ẹni yẹn, jíjáwọ́ pátápátá ni dókítà máa bá a wá. Aláboyún náà ńkọ́, àti ọmọdé tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Awakọ̀ àti ọlọ́kadà tó ń mu ún kó tó gun ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí "mo ti dín in kù" níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó dín igbó kù tó wá gbé tramadol tàbí ọtí rọ́pò rẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ bí èrè. Òfin ilẹ̀ wa náà kò yí padà: ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn mu igbó tàbí kó kó o dání, bó ti wù kó kéré tó. Kò sì sí dókítà kan tó ní jíjáwọ́ pátápátá kò dára. Òun ló dára jù. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kì í ṣe òun nìkan ni ohun rere tó wà.

Àwọn tó ta kò wá ní ìpàdé ní ọ̀rọ̀ kan tó lágbára, a kò ní fi pamọ́. Wọ́n ní: ṣé ọmọ tí igbó ti di bárakú fún ni ẹ fẹ́ bi ní iye tó ń mu? Irọ́ ló máa pa. Òótọ́ ni, àwọn kan á pa á. Ṣùgbọ́n ẹ tún rò ó wò. Bí òfin wa bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa fa lílé kúrò, ta ló máa sọ òótọ́? Ọmọ tó bá ṣubú lọ́jọ́ kan á sá fún ìyá, á sá fún olùtọ́jú, kó tó ṣẹ́jú yóò ti padà sí igi mẹ́rin lójúmọ́, torí pé ohun tí ó ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀ tán. Bó bá sì mọ̀ pé a ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọjọ́ kan nínú ọjọ́ 28, yóò lè wá sọ. Kí ẹ̀rù irọ́ lè dín kù, kì í ṣe ẹnu ọmọ nìkan la máa gbọ́. Ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀ á sọ tirẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé á sọ tirẹ̀, olùtọ́jú náà á sọ tirẹ̀. Bí ẹnu mẹ́ta bá sọ ohun kan náà, ó ṣeé gbà.

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ yóò gbé wá síwájú ìpàdé nìyí. Kí a yọ "ọmọ tó bá padà sí i" kúrò nínú ìwé òfin. Dípò rẹ̀, kí ìyá kọ̀ọ̀kan tó ń gba ìrànlọ́wọ́ gba ìwé kékeré kan. Nínú oṣù tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, kí a kọ iye ọjọ́, iye igi, aago àkọ́kọ́, oorun, iṣẹ́, àti ìjà sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí a gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí ọjọ́ bá ti dín kù tó ìdajì tí iṣẹ́ sì ń lọ, kí owó máa lọ. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, kí a má ṣe dá owó dúró lọ́jọ́ náà, kí a kọ́kọ́ bèèrè bóyá ìtọ́jú náà ni kò bá a mu, kí wọ́n yí i padà. Kí ó jẹ́ pé ó di oṣù mẹ́fà láìsí ìyàtọ̀ kí a tó dá owó dúró. Ti ọmọ tí orí rẹ̀ ti dàrú rí yóò yàtọ̀, ohun tí dókítà rẹ̀ bá kọ ni a ó tẹ̀ lé. Orúkọ kò ní wà lára ìwé náà, nọ́ńbà nìkan ni, akọ̀wé àti ìyálọ́jà nìkan ni yóò mọ ẹni tó ni ín.

A ti ṣe ìwé kékeré náà, mẹ́wàá péré ni a kọ́kọ́ tẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kó mú ọmọ ilé ìwé tó fọkàn tán wá, tàbí kó wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí ọjà bá tú, a ó bá a kọ ọ́. Ẹni tí kò tíì mọ ibi tí yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ, àjọ NDLEA ṣí ìlà fóònù kan ní 2022 tí wọ́n ń dáhùn lọ́sàn-án lóru lọ́fẹ̀ẹ́, nọ́ńbà náà ni 080010203040, ìmọ̀ràn ni wọ́n fi ń gbani níbẹ̀. Aro àti Yábàá náà ń gba irú wọn sí ìtọ́jú. Ẹ béèrè owó tí wọ́n ń gbà kí ẹ tó wọ ọkọ̀.